Àtẹ̀gùn méjì ló wà láàárín wa, a ò gbúròó ara wa mọ́: kí ni kí n sọ fún ọ̀gá wa?

Olùyẹ̀wò_Ìkẹjà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí, ṣùgbọ́n èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa gbé tèmi kalẹ̀. Mo fẹ́ lọ rí ọ̀gá wa àgbà lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, mi ò sì fẹ́ fi ìbínú lásán lọ bá a. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀.

Ilé iṣẹ́ wa ló ń ṣe áàpù tó wà nínú ẹ̀rọ POS. Bí ẹ bá ti fi káàdì gba owó lábẹ́ agboòrùn rí ní Èkó, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ wa lẹ tẹ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ yín sí. Èmi ni mo ń yẹ áàpù náà wò kó tó jáde. Àwọn oníkóòdù á kọ ọ́ tán, wọ́n á gbé e fún mi, èmi á wá máa tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn, máa yọ káàdì lójijì, máa pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kí n lè mọ ibi tó ti máa dójú tì wá kó tó dé ọwọ́ oníbàárà. Ọdún kẹfà mi rèé nídìí iṣẹ́ yìí, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an.

Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, fúláàtì oníyàrá mẹ́ta la gbà ní Yábàá. Àwa mọ́kànlá ni. Pálọ̀ ni gbogbo wa kó sí, torí pé ibẹ̀ nìkan ni ínfátà lè gbé ẹ̀rọ amúlétutù. Àwọn oníkóòdù jókòó sẹ́bàá fèrèsé, àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe wà nídìí tábìlì gígùn kan lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, àwọn méjì tó ń gbé fóònù oníbàárà wà láàárín. Bí oníbàárà bá ń pariwo pé owó òun há, gbogbo pálọ̀ ló ń gbọ́. Òórùn lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi ń jó wáyà ẹ̀rọ pọ̀ ń dé imú gbogbo wa. Bí ẹnìkan bá ké pé "Háà, ẹ wá wo nǹkan!", a ó dìde lọ wò ó ni. Ní agogo kan ọ̀sán, ìyá onírẹsì á gbé kúlà wọn kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, gbogbo wa á tò tàwo tàwo. Ibi ìlà ìrẹsì yẹn ni mo ti gbọ́ ìdajì ohun tí mo mọ̀ nípa ẹ̀rọ POS. Mi ò mọ̀ nígbà náà pé iṣẹ́ là ń ṣe níbẹ̀.

Owó wá wọlé, a di èèyàn 46, a kó lọ sí Ìkẹjà. Ilé tó dára ni, mi ò ní parọ́. Àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe wà nísàlẹ̀, ẹ̀yìn ilé, níbi tí ọkọ̀ ti lè já ẹrù. Àwọn tó ń gbé fóònù wà ní àjà kìíní. Àwa àti àwọn oníkóòdù wà ní àjà kejì. Wọ́n yan ọ̀gá fún ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan. Bí ẹni ìsàlẹ̀ bá rí nǹkan, ó ní láti kọ ọ́ fún ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ á ṣí tíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àkọsílẹ̀ kúkúrú nípa àléébù lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀gá tòkè á pín in nípàdé Ọjọ́bọ̀. Àjà kọ̀ọ̀kan ló ní ibi tó ti ń ra oúnjẹ. Ìyá onírẹsì ò bá wa dé Ìkẹjà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó dùn mí jù. Lóṣù mélòó kan sẹ́yìn, àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í pè pé ẹ̀rọ ń yọ owó lẹ́ẹ̀mejì lórí káàdì kan ṣoṣo. Àwa tá a wà lókè wá àléébù náà títí, a ò rí i. Mo pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní àìmọye ìgbà, mo yọ bátìrì, mo fa káàdì yọ kí iṣẹ́ tó parí, owó ò lọ lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Lọ́jọ́ kan mo sọ̀ kalẹ̀ lọ wá ṣájà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nísàlẹ̀ béèrè pé kí ló dé tí ojú mi rẹ̀ báyìí. Mo ṣàlàyé. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jókòó."

Ó mú ẹ̀rọ kan, ó fa bébà rìsíìtì inú rẹ̀ jáde títí ó fi ku èyí tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ, níbi tí ìlà pupa ti máa ń yọ létí bébà. Ó tẹ 2,000 náírà. Ó ki káàdì bọ ẹ̀rọ, ó tẹ nọ́ńbà. Rìsíìtì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, bébà tán láàárín, ẹ̀rọ ń han. Ó ṣí ìdérí, ó fi bébà tuntun sí i, ó pa á dé. Ẹ̀rọ béèrè bóyá kí òun tún gbìyànjú. Ó tẹ bọ́tìnnì aláwọ̀ ewé bí ẹnikẹ́ni ṣe máa tẹ̀ ẹ́. 2,000 míì lọ. Ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ á rò pé rìsíìtì lòun ń tún tẹ̀, owó ló ń tún yọ.

"A ti mọ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta," ó wí. "A ti kọ ọ́ ránṣẹ́ sókè."

Mo lọ wá ohun tí wọ́n kọ. Òótọ́ ni. Ìlà mẹ́rin ló kọ fún ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ gé e kúrú, ó pè é ní "ìṣòro bébà", kó lè gba inú tíkẹ́ẹ̀tì. Ọ̀gá àwọn oníkóòdù rí "bébà", ó darí rẹ̀ sí àwọn tó ń ra ohun èlò. Àwọn yẹn ra bébà sí i. Tiwa lókè ńkọ́? A ti pa ibi ìtẹ̀wé lára ẹ̀rọ ìdánwò wa kó má baà máa dí wa létí, bébà ò tiẹ̀ sí nínú ọ̀pọ̀ wọn. Kò sẹ́ni tó hùwà ibi. Gbogbo wọn ṣe ohun tí ètò ní kí wọ́n ṣe, owó àwọn èèyàn sì ń lọ.

Ọ̀gá àgbà ní kí gbogbo wa wọ Slack, áàpù tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ń kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ síra wọn, kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan máa fèsì láàárín wákàtí méjì. Wọ́n ní kò sóhun tí fóònù ò lè yanjú. Ọkàn mi ò gbà á, àmọ́ mi ò ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Ṣé ilé yìí ni? Àbí ètò ọ̀gá lórí ọ̀gá? Àbí àwa fúnra wa la ti yí padà? Ẹni tó bá ti rí irú rẹ̀ rí, ẹ bá mi sọ̀rọ̀.

Bàbá_Tẹlifóònù

Ọmọ mi, o kú làákàyè. Ẹ̀rí tí ò ń wá, ó wà, ó sì ti pẹ́ tó ti wà.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kan wà ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà, Thomas Allen lorúkọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń lọ sí ilé ìwádìí àwọn ẹnjiníà, ó ń bi wọ́n pé, "Ta lẹ bá sọ̀rọ̀ iṣẹ́?" Lẹ́yìn náà ó ń wọn bí tábìlì olúkúlùkù ṣe jìn sí tẹnìkejì. Ó tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 1977. Ohun tó rí ni pé bí ẹni méjì bá ṣe ń jìnnà síra, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ iṣẹ́ láàárín wọn ń já wálẹ̀ kíákíá, bí òkúta tó bọ́ lórí àpáta. Tó bá ti tó nǹkan bí mítà 50, ìyẹn bí ìdajì pápá bọ́ọ̀lù, a fẹ́rẹ̀ẹ́ lè ní wọn ò sí nílé iṣẹ́ kan náà mọ́. Kì í ṣe ìlú sí ìlú o. Abẹ́ òrùlé kan ṣoṣo ni. Àtẹ̀gùn sì tún burú ju ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ lọ, torí pé ẹni tó wà lájà míì, ojú rẹ ò lè ṣèèṣì bá a.

Èyí tí wàá mú tọ ọ̀gá rẹ lọ rèé. Nígbà tó yá, Allen wo fóònù àti ímeèlì náà. Ohun tí ọ̀gá rẹ ń rò lèèyàn máa kọ́kọ́ rò: bí àwọn tó jìnnà síra ò bá ríra, wọ́n á máa pera. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ojú wọn ń kora lemọ́lemọ́ náà ló ń pera jù. Ẹni tí o ò rí, o ò ní rántí pè é, o ò tiẹ̀ ní mọ ohun tí o fẹ́ bi í. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ojú lọ̀rọ̀ wà.

Mo lo ọdún 22 nídìí iṣẹ́ tẹlifóònù, tẹlifóònù onífọ́nrán láyé ọjọ́un. Àwa tá a jẹ́ ẹnjiníà wà nínú yàrá ẹ̀rọ tó tutù bí ìdí omi. Àwọn tó ń so wáyà abẹ́ ilẹ̀ wà lẹ́yìn ilé, lábẹ́ igi fúrúùtù, lórí bẹ́ǹṣì. Káàdì ni wọ́n fi ń kọ àléébù ránṣẹ́ sí wa, àwa náà ń fi káàdì dá a padà. Àwọn ló ń fọwọ́ kan omi tó wọ inú páìpù, àwa là ń wo iná tó ń ṣẹ́jú lára ẹ̀rọ. Èdè wa yàtọ̀ síra. Ọ̀gá kan wà láàárín wa tó jẹ́ pé ní gbogbo àárọ̀, kó tó wọ yàrá ẹ̀rọ, á kọ́kọ́ gbé kọ́ọ̀pù tíì rẹ̀ lọ sábẹ́ igi yẹn. Á jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú wọn, ẹsẹ̀ nínú eruku. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré. Bí òjò bá rọ̀ mọ́jú, kí káàdì kankan tó dé ọ̀dọ̀ wa lòun ti mọ àdúgbò tí fóònù wọn máa kú. Nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí ìlú míì, kò sẹ́ni tó gba ipò rẹ̀ lábẹ́ igi, torí pé kò sí nínú ìwé iṣẹ́ ẹnikẹ́ni. Láàárín oṣù díẹ̀, àléébù tí à ń tún ṣe lọ́jọ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọjọ́ mẹ́rin.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni Allen pè ní oníbodè. Ó ní wọn kì í pọ̀ níbi iṣẹ́ kan, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn ni ìmọ̀ ń gbà wọlé tó fi ń dé ọ̀dọ̀ àwọn yòókù. Ó jọ pé ìwọ ni oníbodè ní Yábàá, o ò kàn mọ̀ ni.

Ará_Leeds

Àǹtí, ẹ kú ìdúró ti iṣẹ́ yín. Ìkìlọ̀ kan ni mo ní. Bí ẹ bá ti sọ ohun tí Bàbá sọ yìí fún àwọn ọ̀gá, ohun tó máa kọ́kọ́ sọ sí wọn lọ́kàn ni pé kí wọ́n wó gbogbo ògiri. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ṣe é.

Wọ́n ṣe é fún wa níbí. Ilé iṣẹ́ tí mo wà nígbà yẹn kó àwa 90 sínú gbọ̀ngàn kan, wọ́n ní ká lè máa bára wa sọ̀rọ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí gbogbo wa fi de ohun ìgbọ́rọ̀ sétí. Ẹni tí ìgúnpá rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tèmi, Teams, áàpù tó jọ Slack yín, ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀, kí ará tó kù má baà gbọ́. Mo rò pé àwa nìkan ni, àfi ìgbà tí mo ka iṣẹ́ ìwádìí Ethan Bernstein àti Stephen Turban tó jáde ní 2018. Ilé iṣẹ́ ńlá méjì tó wó ògiri wọn ni wọ́n yẹ̀ wò. Wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ lọ́rùn, tó ń mọ ìgbà tí ẹnìkan bá kọjú sí ẹnìkejì. Ọ̀rọ̀ ojúkojú já wálẹ̀ ní nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún, ímeèlì wá pọ̀ sí i.

Pálọ̀ Yábàá yín dára torí pé ẹ̀yin 11 ni, ẹ sì mọra. Ẹ má rò pé pálọ̀ tó gba èèyàn 46 á rí bákan náà.

ỌmọYábà

Èmi ò rò pé ilé ni, Àǹtí. Oníkóòdù lèmi náà, ètò ọ̀gá lórí ọ̀gá yẹn ni mo dá lẹ́bi.

Melvin Conway kọ ọ́ nínú ìwé ìròyìn Datamation ní 1968: ilé iṣẹ́ tó bá ṣe ẹ̀rọ, àwòrán bí wọ́n ṣe ń bára wọn sọ̀rọ̀ ló máa jáde lára ẹ̀rọ náà. Àpẹẹrẹ tó fún wa ò kúrò lọ́kàn mi láti ìgbà tí mo ti kà á. Wọ́n yan èèyàn mẹ́jọ láti kọ kọ̀ǹpáílà méjì, ìyẹn ohun tó ń sọ kóòdù di èdè tí kọ̀ǹpútà lè lò: ọ̀kan fún èdè kóòdù COBOL, ọ̀kan fún ALGOL. Wọ́n pín márùn-ún sí COBOL, mẹ́ta sí ALGOL. Nígbà tí iṣẹ́ parí, ìpele márùn-ún ni kọ̀ǹpáílà COBOL ń gbà ṣiṣẹ́, ti ALGOL ń gba mẹ́ta. Iye èèyàn ló di iye ìpele!

Ẹ wá wo ẹ̀rọ tiyín. Ẹni tó kọ ibi ìtẹ̀wé àti ẹni tó kọ ibi tí owó ti ń yọ, ṣé ẹ̀ka kan náà ni wọ́n wà? Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé rárá. Bí ìtẹ̀wé bá kú láàárín, ẹni tó kọ ibi owó ò mọ̀ pé owó ti lọ, torí pé kò sẹ́ni tó sọ fún un pé bébà lè tán. Ibi tí ẹ̀ka méjì ti pàdé ni àléébù yín jókòó sí. Bí ẹ bá gbé gbogbo yín padà sí Yábàá lónìí, tí tíkẹ́ẹ̀tì ṣì ní láti gba ọwọ́ ọ̀gá méjì kọjá, bébà náà ni wọ́n á tún lọ rà. Ẹ gbé tíkẹ́ẹ̀tì sọnù. Ẹ jẹ́ kí ẹni ìsàlẹ̀ máa bá ẹni òkè sọ̀rọ̀ tààrà.

Bàbá_Tẹlifóònù

Ọmọ Yábà, mo gbà pẹ̀lú rẹ lórí Conway. Lórí pé ká gbé ìwé sọnù, mi ò gbà.

Ní 1999, ọkọ̀ òfurufú tí NASA, àjọ ìwádìí òfurufú Amẹ́ríkà, rán lọ sí pílánẹ́ẹ̀tì Mars, Mars Climate Orbiter, ṣègbé nígbà tó dé ọ̀hún. Àwọn tó kọ́ ọ wà ní ìlú Denver, àwọn tó ń darí rẹ̀ wà ní ìlú Pasadena. Àwọn ará Denver ń fi ìwọ̀n pọ́n-ùn ṣírò agbára tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fi ń tì í, àwọn ará Pasadena ń ka nọ́ńbà náà bíi pé newton, ìwọ̀n agbára míì, ni. Ìyàtọ̀ rẹ̀ lé ní ìlọ́po mẹ́rin. Ohun tó ká mi lára jù nínú ìròyìn ìwádìí rẹ̀ ni pé àwọn kan lára àwọn tó ń darí ọkọ̀ náà ti fura pé nọ́ńbà yìí ò dọ́gba. Wọ́n sọ ọ́ lẹ́nu, wọ́n sọ ọ́ nínú ímeèlì, wọn ò kọ ọ́ sínú ìwé tó yẹ kí wọ́n kọ ọ́ sí. Ọ̀rọ̀ náà fẹ́ lọ bí afẹ́fẹ́.

Ojú ló yẹ kó kọ́kọ́ pàdé, kí ìwé wá tẹ̀ lé e. Ọmọ ìsàlẹ̀ yẹn kọ ìlà mẹ́rin. Ìlà mẹ́rin yẹn dára! Ẹni tó gé e kúrú ló ṣe àṣìṣe, ó sì gé e torí pé kò bá a jókòó kó rí i.

Olùyẹ̀wò_Ìkẹjà

Bàbá, ẹ ṣeun, kí ẹ pẹ́ fún wa. Mo ka ìtàn abẹ́ igi fúrúùtù yẹn fún ọkọ mi lálẹ́ àná.

Ọmọ Yábà, mo lọ wo kóòdù náà. Òótọ́ lo sọ. Ẹni méjì ló kọ ọ́, ẹ̀ka méjì ni wọ́n wà, ẹni tó kọ ibi ìtẹ̀wé sì ti kúrò níbi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ní Yábàá, ẹ̀ka méjì náà ni wọ́n, bébà sì ń tán nígbà gbogbo níwájú wọn. Wọ́n ń rí i. Ìyẹn ni mi ò fi lè sọ pé ilé ò kàn án.

Mo sì wọn ọ̀nà náà. Láti ìdí tábìlì mi dé ìdí tábìlì ọmọkùnrin yẹn, ìṣísẹ̀ 61 ni, pẹ̀lú ìpele àtẹ̀gùn 38. Ó gbà mí ní ìṣẹ́jú kan àti díẹ̀. Ìṣẹ́jú kan péré, láàárín oṣù mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo rántí pé mo rìn ín.

Ayàwòrán_Ilé

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ìbàdàn ni mo wà, ilé yíyà niṣẹ́ mi, n ò sì lè ka èyí kí n dákẹ́.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, agbo ilé bàbá ìyá mi ni mo ti lo ìsinmi. Yàrá mẹ́rìnlá, gbogbo rẹ̀ kọjú sí àgbàlá kan. Ẹni tó fẹ́ lọ pọnmi, ẹni tó fẹ́ lọ dáná, ẹni tó fẹ́ jáde, inú àgbàlá ni gbogbo wọn ń gbà. Olúkúlùkù ní ìlẹ̀kùn tó lè tì bó bá fẹ́ dá wà, kò sì sẹ́ni tó pe ìpàdé kí wọ́n tó mọ̀ pé ọmọ lágbájá ń ṣàìsàn. Ẹ wo ohun méjèèjì yẹn pa pọ̀: ìlẹ̀kùn tó ṣeé tì, àti ọ̀nà kan ṣoṣo tí gbogbo ẹsẹ̀ ń gbà. Gbọ̀ngàn Leeds yẹn ní èkejì, kò ní àkọ́kọ́. Ilé Ìkẹjà yín ní àkọ́kọ́, kò ní èkejì.

Àwọn tó kọ́ ilé ìwádìí Bell Labs ní Murray Hill, ní New Jersey, tí wọ́n ṣí ní 1941, ronú bẹ́ẹ̀ náà. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn ni wọ́n là gba inú ilé kọjá, tó fi jẹ́ pé èèyàn ò lè ti ọ́fíìsì dé ibi iṣẹ́ rẹ̀ láì kọjá lẹ́nu ọ̀nà àwọn ẹlòmíì. Onímọ̀ físíìsì, onímọ̀ kẹ́mísírì, ẹni tó mọ irin, gbogbo wọn wà nítòsí ara wọn. Ibẹ̀ ni transistor, ẹ̀yà kékeré tó ń darí iná nínú kọ̀ǹpútà àti fóònù, ti jáde ní 1947, láti ọwọ́ John Bardeen àti Walter Brattain. Ọ̀kan ń ronú ìṣirò, ọ̀kan ń fọwọ́ ṣe é, wọ́n jọ dúró ti tábìlì kan náà.

Àǹtí, ẹ ò lè wó àtẹ̀gùn. Ẹ wá ohun tí gbogbo èèyàn ń wá lójúmọ́, kí ẹ gbé e sí ibi kan ṣoṣo. Oúnjẹ. Omi tútù. Ibi tí wọ́n ti ń gba bátìrì. Bó bá ṣe mí, ìsàlẹ̀ ni màá gbé oúnjẹ sí, nítòsí àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, kó jẹ́ pé àwọn òkè ló máa sọ̀ kalẹ̀. Ẹ má gbé e sókè o. Bí ẹ bá gbé e sókè, àwọn ìsàlẹ̀ á máa rò pé àlejò làwọn. Ẹ sì gbé tábìlì ìdánwò yín lọ sísàlẹ̀ pẹ̀lú, ó kéré tán ìdajì rẹ̀.

Olùyẹ̀wò_Ìkẹjà

Mo ní kí n wá jábọ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, mi ò gbé ìwé kankan wọlé. Mo bẹ ọ̀gá àgbà pé kí wọ́n bá mi sọ̀ kalẹ̀. Ọmọkùnrin yẹn mú ẹ̀rọ, ó fa bébà jáde títí ó fi ku bí ìka, ó tẹ 2,000 náírà, káàdì ọ̀gá fúnra wọn ló fi ṣe é. Nígbà tí bébà tán tó fi òmíràn sí i, ọ̀gá na ìka wọn síwájú, wọ́n fẹ́ tẹ bọ́tìnnì aláwọ̀ ewé náà kí ẹnikẹ́ni tó ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Wọ́n dá ọwọ́ dúró lójú òfuurufú. Wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n jókòó lórí àga tí kò lẹ́yìn, wọ́n béèrè lọ́wọ́ ọmọkùnrin náà pé kí ló tún mọ̀. Ó sọ̀rọ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, Bàbá, mi ò gé ìlà kankan kúrò.

Wọ́n gbà kí oníkóòdù kan máa sọ̀ kalẹ̀ lójoojúmọ́, kó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láti àárọ̀ dé ọ̀sán, ní ọwọ̀ọ̀wọ́. Wọ́n gbà kí n gbé ẹ̀rọ ìdánwò mẹ́fà lọ sísàlẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì ṣì wà, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ ọ́ ló máa mú un dé ọ̀dọ̀ ẹni tó máa tún un ṣe, ọ̀gá kankan ò gbọ́dọ̀ yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Wọn ò gbà láti pa àwọn ẹ̀ka pọ̀, wọ́n ní ó ti yá jù. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ, wọ́n ní àwọn máa rò ó, mi ò dúró dè wọ́n. Mo pe ìyá onírẹsì lórí fóònù. Wọ́n ní Ìkẹjà jìn sí àwọn, àmọ́ ọmọ wọn obìnrin ń gbé ní Ògbà, òun á máa gbé kúlà wá láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ̀yìn ilé, nísàlẹ̀, la fi í sí.

Oníkóòdù tó kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ padà dé lọ́sàn-án pẹ̀lú ẹ̀rọ àtijọ́ kan lọ́wọ́. Nọ́ńbà 5 lójú bọ́tìnnì rẹ̀ ti pa rẹ́ pátápátá, ó ti dán bí owó ẹyọ. Ó ní nínú ẹ̀rọ mẹ́jọ tí wọ́n gbé wá lọ́jọ́ yẹn, mẹ́ta ló rí bẹ́ẹ̀, òun ò sì mọ ìdí tó fi jẹ́ bọ́tìnnì 5. Àwọn ìsàlẹ̀ ti mọ̀: 5,000 náírà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbà. Ó ti ń ronú láti fi bọ́tìnnì 5,000 sójú ẹ̀rọ.

Àwọn tó ń gbé fóònù ló ṣì wà láàárín, lájà kìíní, tí ọwọ́ wa ò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn. Wọn ò lè kúrò nídìí fóònù láti sọ̀ kalẹ̀, ariwo wọn ò sì ní jẹ́ kí oníkóòdù jókòó tì wọ́n. Ayàwòrán, ẹ jọ̀ọ́, bó bá jẹ́ ẹ̀yin, ibo lẹ máa fi wọ́n sí?